Wi-Fi ilé mi máa ń kú lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo iná ráútà ń tàn

Tíṣà_Ìṣirò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ráútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, aago mẹ́jọ alẹ́ ni a sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí Wi-Fi ilé mi ti ń dójú tì mí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí wàhálà kankan. Tí aago méje bá ti kọjá díẹ̀, ó parí nìyẹn. Lánàá, mo ti kọ x sójú pátákó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi bí a ṣe ń wá a hàn wọ́n ni, àwòrán mi bá dúró gbagidi lójú fóònù wọn, ti ẹnu tó là sílẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí mi.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Fóònù á ní òun ti wà lórí Wi-Fi, àmì rẹ̀ á kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé fóònù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé e lórí, pàbó ló já sí. Ráútà fúnra rẹ̀ kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀: iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tàn, aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, ti íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń kú. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi wáyà so mọ́ ráútà ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi á jókòó síwájú rẹ̀, á máa wo bọ́ọ̀lù, á ní, "Kí ló ṣe Wi-Fi? Kò sóhun tó ṣe é." Lọ́jọ́ mìíràn fóònù tirẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ nígbà tí tèmi ti kú. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, tirẹ̀ á kú, tèmi á máa lọ. Inú mi máa ń dùn díẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo ti pa ráútà, mo ti tún un tàn, ó ti tó ogún ìgbà. Nígbà mìíràn á gbà, nígbà mìíràn kò ní gbà. Mo ní kí fóònù gbàgbé Wi-Fi náà, mo tún páswọ́ọ̀dù tẹ̀. Ẹnì kan ní kí n yí DNS, ìyẹn ètò tó ń sọ orúkọ ojúewé di nọ́ńbà, sí 8.8.8.8, mo yí i, ibi tó wà náà ló wà. Lálẹ́ àná mo tiẹ̀ ní kí n wọ inú ráútà lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo tẹ 192.168.1.1, ojúewé jáde, mo tẹ páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ráútà, ó ní kò tọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wọ awò ojú mi, mo tún un tẹ̀. Ó ní kò tọ̀nà.

Ṣé ráútà yìí ti fẹ́ kú ni? Àbí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ló ń dín in kù lálẹ́? Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kò sí ìṣòro lọ́dọ̀ àwọn.


Ọ̀dọ́_Wáyà:

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ni mo rò pé ó jẹ́. Alẹ́ ni kálukú ń wọlé, tí wọ́n ń kó sórí Wi-Fi tiwọn. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, ìkànnì mẹ́ta péré la lè lò pọ̀ tí wọn ò ní gun ara wọn lẹ́yìn: 1, 6 àti 11. Tí ilé mẹ́wàá bá kó sórí 6, gbogbo wọn á máa dúró de ara wọn ni. Ẹ bọ́ sórí 5 GHz, ààyè pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti la ògiri kọjá. Tí microwave bá sì wà nítòsí ráútà, ẹ gbé ọ̀kan kúrò níbẹ̀, torí orí 2.4 yẹn náà lòun ti ń pariwo.


Tíṣà_Ìṣirò:

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Mo ti bọ́ sórí 5 GHz láti ọjọ́ kẹta, bákan náà ni. Microwave wa ti bàjẹ́ tipẹ́, àwọn abọ́ là ń kó sínú rẹ̀.


Jẹ́jẹ́_Layé:

Ẹ wá nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ fi tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e délé. Èmi kì í bá ráútà ṣe àríyànjiyàn, ibẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀.


Bàbá_Okùn:

Tíṣà, ẹ má fi nǹkan kan gún ihò yẹn o!

Jẹ́jẹ́, ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lo fẹ́ gbé lé ìyá yìí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà ló jẹ́ pé inú wọn ni orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fúnni wà. Tí o bá ti tẹ ihò yẹn, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́ nìyẹn, ẹni tí kò bá kọ ọ́ síbì kan á wá máa pe fóònù kiri. Pípa àti títàn ò pa ohunkóhun rẹ́. Ihò yẹn ló ń pa á rẹ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì, ohun mẹ́ta ló dá mi dúró. Ọ̀kan ni tẹlifíṣọ̀n. Ká ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kò wọlé, ọ̀gá ilé ò ní rí bọ́ọ̀lù wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi àwọn tó ń tà á sílẹ̀ ná, wọn ò jẹ̀bi lọ́tẹ̀ yìí. Èkejì ni ti àwọn aládùúgbò. Ìkànnì tó kún máa ń mú kí Wi-Fi falẹ̀, kó máa dúró, kó tún máa lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fóònù lé ráútà lórí ò yẹ kó máa rí i pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀kẹta, mi ò tíì fẹ́ sọ ọ́, kí n má baà ti ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo nǹkan kan.

Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lọ síbi ètò Wi-Fi nínú fóònù yín, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì: àdírẹ́ẹ̀sì IP tí fóònù yín ń jẹ́, àti gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde síta. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ń lò, Router ni wọ́n máa pe ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Tó bá tún kú lálẹ́, kí ẹ tó pa ohunkóhun, ẹ tún wọn kọ. Ẹ wo ti tẹlifíṣọ̀n náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi láptọ́ọ̀pù ping 8.8.8.8 tó wà níta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé kí ẹ ké sí i, kí ẹ wò ó bóyá á dáhùn, kí ẹ sì ping ẹnu ọ̀nà tí ẹ rí. Nọ́ńbà ni kí ẹ lò, ẹ má lo orúkọ ojúewé kankan, ká lè yọ DNS kúrò nínú ẹjọ́ yìí.


Ìràwọ̀_Ọ̀sán:

Bàbá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi, 169.254 ni mo máa ń rí níwájú àdírẹ́ẹ̀sì láptọ́ọ̀pù mi tó bá kú. Ṣé ohun kan náà ni?


Bàbá_Okùn:

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. 169.254 túmọ̀ sí pé láptọ́ọ̀pù béèrè àdírẹ́ẹ̀sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Wo wáyà rẹ, tàbí kí o wò ó bóyá ráútà rẹ ti gan pa. Tí kò bá lọ, dá ìbéèrè tìrẹ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ká má da ti Tíṣà rú.


Tíṣà_Ìṣirò:

Mo ti dé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn jáde.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ń ṣiṣẹ́: fóònù mi ń jẹ́ 192.168.0.114, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni 192.168.0.1.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún, nígbà tó ti kú: fóònù mi ti di 192.168.1.3, ẹnu ọ̀nà ti di 192.168.1.1.

Tẹlifíṣọ̀n ní àkókò yẹn kan náà, lẹ́yìn tí mo ti fi agbára gba rìmóòtù: 192.168.0.109.

Láptọ́ọ̀pù wà ní 192.168.1.4. Mo ping 8.8.8.8, kò sí èsì. Mo ping 192.168.1.1, ó ń dáhùn wéréwéré.

Bàbá, olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo rí i pé 0 di 1, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó sọ ọ́ di 1. Mo dojú ráútà dé, mo wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: 192.168.0.1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló wá ń jẹ́ 192.168.1.1 nínú ilé mi?


Bàbá_Okùn:

Ẹ ti bi ìbéèrè náà gan-an. Ohun kẹta tí mi ò fẹ́ sọ nìyẹn: ojúewé tó kọ páswọ́ọ̀dù yín. Kò sóhun tó ṣe páswọ́ọ̀dù yín, Tíṣà. Ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lẹ ń ki kọ́kọ́rọ́ yín bọ̀. Ráútà méjì ló wà nínú ilé yín.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ẹ̀rọ kẹ́rọ̀ tó bá bọ́ sórí Wi-Fi, á kọ́kọ́ ké sí gbogbo ilé pé ta ló máa fún òun ní àdírẹ́ẹ̀sì. Ètò tó ń dáhùn nínú ráútà ni wọ́n ń pè ní DHCP. Á ní, "Nọ́ńbà rẹ nìyí, ẹnu ọ̀nà tí o máa gbà jáde nìyí, iye àkókò tí o máa fi lò ó nìyí." Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa dáhùn. Tí wọ́n bá di méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni ẹ̀rọ sábà máa ń tẹ̀ lé. Tí ráútà yín bá yára jù, ẹ rí 192.168.0, ọ̀nà là. Tí ẹnì kejì bá yára jù, á fún yín ní 192.168.1, á ní kí ẹ máa gba ọ̀dọ̀ òun jáde, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí pípa àti títàn fi ń gbà nígbà mìíràn. Tẹ́tẹ́ lẹ ń ta. Ìdí nìyẹn náà tí fóònù ọ̀gá fi ń lọ tí tiyín fi ń kú.

Ti tẹlifíṣọ̀n dùn mọ́ mi. Láti ọ̀sán ló ti gba àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Tí àkókò bá sì tó láti sọ ọ́ dọ̀tun, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ padà sí, kì í tún ké sí gbogbo ilé. Nítorí náà, kò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹnì kejì wà. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, ṣùgbọ́n òun ti mu tirẹ̀ kí èkejì tó dé.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ wá inú ilé. Kí ló máa ń tàn lálẹ́ tí kì í tàn lọ́sàn-án? Kí lẹ yí padà lọ́jọ́ tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀?


Tíṣà_Ìṣirò:

Mo ti rí i. Mo ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi.

Lọ́dún tó kọjá, Wi-Fi kì í dé yàrá ọmọ mi àgbà. Mo fa wáyà gígùn kan láti ara ráútà wa lọ síbẹ̀, mo so ráútà wa àtijọ́ mọ́ ọn, mo fún un ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù kan náà, ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbàgbé pé ó wà láyé. Ká ní ẹ bi mí lánàá pé ráútà mélòó ló wà nílé, màá búra pé ọ̀kan ni.

Lọ́jọ́ tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà ní òun fẹ́ gbé tábìlì òun lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó tú gbogbo wáyà, ó sì tún wọn so. Ráútà àtijọ́ yẹn ní ihò búlúù kan tó dá dúró, ó ní ihò yẹ́lò mẹ́rin. Inú búlúù ni mo ki wáyà bọ̀ lọ́dún tó kọjá. Inú yẹ́lò lòun ki wáyà náà bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmá, wáyà náà yẹ́lò." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ó wá so ráútà náà àti iná tábìlì rẹ̀ mọ́ ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tó fẹ́ kàwé, á tẹ bọ́tìnnì ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n, iná tábìlì á tàn, ráútà á jí. Tó bá fẹ́ sùn, á pa méjèèjì pọ̀. Ìṣirò ló sì ń kà o! Èmi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò nínú pálọ̀, ọmọ tèmi jókòó sí yàrá, ó ń fi ìṣirò já mi lójú ọ̀nà.

Mo ní, "Ṣé Wi-Fi kì í kú lọ́dọ̀ tìrẹ ni?" Ó ní ó máa ń kú, òun rò pé èmi ni mo ń pa á kí òun lè ráyè kàwé.

Bàbá, kí ni kí n ṣe báyìí? Mo ti pa ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n náà ná. Fóònù mi padà sí 192.168.0.114 lẹ́yìn tí mo pa Wi-Fi rẹ̀ tí mo tún un tàn.


Ọ̀dọ́_Wáyà:

"Màmá, wáyà náà yẹ́lò." Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi, mà. Ẹni tó kun ihò ló jẹ̀bi.


Bàbá_Okùn:

Mo ti rí irú rẹ̀ nílé àwọn àgbà oníṣẹ́, ẹ má jẹ̀ ẹ́ níyà.

Ihò búlúù yẹn ni WAN, ẹnu ọ̀nà ìta. Ráútà kì í pín àdírẹ́ẹ̀sì gba ibẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ fún odidi ọdún kan. Àwọn yẹ́lò ni LAN. Ohun tó bá ti wà nínú yẹ́lò, ará ilé ni lójú rẹ̀, á sì máa pín àdírẹ́ẹ̀sì fún un. Nígbà tí ọmọ yín ki wáyà sí yẹ́lò, gbogbo ilé yín di ará ilé rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ sùn kíákíá lálẹ́ òní, ẹ dá wáyà padà sínú búlúù, ó tán. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdílé méjì ni ilé yín á jẹ́: ẹni tó wà nínú yàrá yẹn lè má rí tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní pálọ̀. Èyí tí èmi máa ṣe ni pé màá fi wáyà sílẹ̀ nínú yẹ́lò, màá wá pa ẹnu ráútà àtijọ́ náà mọ́. Ẹ yọ wáyà tó wá láti pálọ̀ kúrò lára rẹ̀ ná. Ẹ fi wáyà kúkúrú so láptọ́ọ̀pù mọ́ òun nìkan, kí ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wọ 192.168.1.1. Páswọ́ọ̀dù abẹ́ ráútà ti yàrá ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti pálọ̀. Ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí 192.168.0.2, ẹ fi pamọ́. Ojúewé náà á sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má fòyà. Ẹ yọ wáyà láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un ki bọ̀, ẹ wọ 192.168.0.2. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá pa DHCP rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́, DHCP kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa DHCP lè máa wá ojúewé náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá wáyà pálọ̀ padà sínú yẹ́lò.

Ẹ wo ohun kan nínú ráútà pálọ̀: nọ́ńbà wo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín? Mo ń wo 109 àti 114 yín, ó jọ pé láti 100 ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní 2.


Tíṣà_Ìṣirò:

Láti 100 sí 199 ni. Mo ti ṣe é, ọmọ náà ló ń kà á fún mi, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Páswọ́ọ̀dù abẹ́ ráútà yàrá ti fẹ́ parẹ́, fóònù la fi tan iná sí i kí a tó mọ̀ pé B ni, kì í ṣe 8.

Alẹ́ mẹ́rin rèé. Iná tábìlì ń tàn, ráútà méjèèjì ń tàn, gbogbo fóònù wà lórí 192.168.0. Mo kọ́ wọn ní x títí wọ́n fi rí i. Fọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Tí mo bá fi láptọ́ọ̀pù díwọ̀n bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà pálọ̀, ó máa ń kọjá 200 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá ọmọ yìí, 94 ni. Kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Mo fi wáyà so ó mọ́ ráútà àtijọ́ níbẹ̀, 94 náà ni.


Bàbá_Okùn:

94 tó dúró bí òpó bẹ́ẹ̀, wáyà tó ń sáré 100 ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wáyà kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú okùn yẹn. Tí ọ̀kan bá já, ó lè padà sórí mẹ́rin, kò sì ní lè kọjá 100 mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ihò ráútà àtijọ́ náà ni kò kọjá 100. Ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá ẹ máa rí Gigabit, ìyẹn èyí tó ń sáré 1000. Kí ẹ tó da ráútà lẹ́bi, ẹ tọ okùn náà láti pálọ̀ dé yàrá, kí ẹ wo ibi tó bá ti ká tàbí tí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.


Tíṣà_Ìṣirò:

Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ló gbà kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Ó ti pẹlẹbẹ bí okùn bàtà. Ọmọ náà ti ń wò mí láti orí tábìlì pé òun kọ́ o.